Afárá Ẹlẹ́sẹ̀ Lórí Òpópónà Ọlọ́kọ̀ ní Ilẹ̀ Ẹ̀gbá: Bí A Ṣe Lè Yàwòrán Èyí tí Yóò Di Àfijúwe

1. Ìfáárà

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ yẹ̀ wò ni ọ̀nà tí a lè gbà yàwòrán afárá ẹlẹ́sẹ̀ tí yóò kọjá lórí òpópónà tí ọkọ̀ pọ̀ sí ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, tí afárá náà yóò sì tún di ohun tí a fi ń dá ìlú mọ̀. Iṣẹ́ méjì ni a gbé lé irú afárá bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Èkíní ni pé kí ó gba ẹlẹ́sẹ̀ lọ́wọ́ ikú òjijì. Èkejì ni pé kí ó jẹ́ àmì tí ará ilé àti àlejò yóò máa rántí. Èrò wa ni pé iṣẹ́ kejì kò lè yọrí bí ti èkíní kò bá yọrí, àti pé ohun tí ó sábà máa ń ba ti èkíní jẹ́ ni òkè tí a ní kí ẹlẹ́sẹ̀ gùn. Nítorí ìdí èyí, a ó fi hàn pé, ní ìlú olókè bí Abẹ́òkúta, ibi tí a bá gbé afárá sí ṣe pàtàkì ju ọ̀ṣọ́ tí a bá fi sí i lára lọ.

Afárá kì í ṣe ohun àjèjì sí Yorùbá. Kí sìmẹ́ǹtì àti irin tó dé, ìtì ọ̀pẹ tàbí igi ńlá tí a wó dábùú odò ni àwọn ará oko ń gbà kọjá, wọ́n sì ń gbà á bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ oko títí di òní. Bí a bá wo irú afárá yìí dáadáa, a ó rí i pé kò gbé ẹnikẹ́ni gòkè. Odò ní bèbè méjì. Orí bèbè kan ni ẹsẹ̀ ti kúrò, orí bèbè kejì ni ó sì gúnlẹ̀ sí. Òpópónà, ní ibi púpọ̀, kò ní bèbè. Ilẹ̀ kan náà tí ọkọ̀ ń gbà ni ẹlẹ́sẹ̀ dúró lé, bí a bá sì fẹ́ kí ó kọjá lókè orí ọkọ̀, a ní láti kọ́kọ́ gbé e ròkè, kí á tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin afárá orí odò àti afárá orí òpópónà nìyí, òun sì ni ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tí a ó sọ.

2. Ohun tí à ń pè ní àfijúwe

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó máa lo ọ̀rọ̀ náà àfijúwe fún ilé, àpáta, igi tàbí afárá tí ará ìlú fi ń júwe ọ̀nà fún àlejò, tí orúkọ rẹ̀ sì ń wá sí ẹnu bí a bá dárúkọ ìlú náà. Báwo ni nǹkan ṣe ń di àfijúwe? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé títóbi tàbí ẹwà ni í sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Àpẹẹrẹ tí ó wà ní Abẹ́òkúta kò fara mọ́ èrò yìí pátápátá.

Ẹ jẹ́ kí á wo Olúmọ. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá, tí Ṣódẹkẹ́ jẹ́ aṣíwájú wọn, tẹ̀dó sí ibẹ̀ ní 1830, àpáta yìí ni wọ́n fi ṣe ibi ààbò ní àkókò ogun. Orúkọ ìlú náà, Abẹ́òkúta, kò sọ bí òkúta náà ti ga tó tàbí bí ó ti dára tó. Ohun tí ó sọ ni ibi tí ènìyàn wà sí i: abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n wà, ó sì bò wọ́n. Bákan náà ni ọjà Ìtòkú: àdìrẹ tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ni ó gbé orúkọ rẹ̀ dé òkèèrè. Láàrin 2011 àti 2019, ìjọba ìpínlẹ̀ kọ́ afárá gíga fún ọkọ̀ sí àwọn oríta bí i Ìbarà àti Ìtòkú. Àwọn náà di ohun tí a fi ń júwe ọ̀nà, nítorí pé ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ ń gba orí wọn, tí ènìyàn sì ń gba abẹ́ wọn.

A lè sọ nígbà náà pé ìlò ni í sọ nǹkan di àfijúwe. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ tí a fi owó púpọ̀ kọ́, tí a kùn ní ọ̀dà aláràbarà, tí àwọn ènìyàn sì ń sá kọjá ní abẹ́ rẹ̀, yóò hàn sí gbogbo ojú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gàn ni yóò jẹ́ fún ìlú.

3. Ewu orí ilẹ̀ àti iye òkè tí ó wà lórí afárá

Kí á tó dá ẹni tí ó sá kọjá lábẹ́ afárá lẹ́bi, ó yẹ kí á ṣe ìṣirò tí òun náà ń ṣe nínú ọkàn rẹ̀. Ká ní òpópónà kan fẹ̀ tó mítà 30 láti etí kan dé èkejì. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le a máa rin nǹkan bí mítà 1.2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Yóò gbà á ní ìṣẹ́jú àáyá 25 láti kọjá. Ọkọ̀ tí ó ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan ń lọ tó mítà 28, ó dín díẹ̀, ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí já sí pé ọkọ̀ tí ó wà ní nǹkan bí mítà 690 sí ẹlẹ́sẹ̀ nígbà tí ó gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ yóò ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ó tó gbé ẹsẹ̀ tí ó kẹ́yìn. Bí ibi ìdúró bá tilẹ̀ wà láàrin òpópónà, tí ó sì dá ìkọjá náà sí méjì, ọkọ̀ tí ó wà ní nǹkan bí mítà 350 ṣì lè bá a lójú ọ̀nà. Kò sí ojú tí ó lè wọn eré ọkọ̀ ní irú ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ dáadáa, pàápàá ní àṣálẹ́ tàbí nígbà tí ọyẹ́ bá mú. Ewu náà kì í ṣe kékeré.

Ẹ jẹ́ kí á wá gòkè lọ sórí afárá. Tírélà tí ó gbé ẹrù gíga ní láti lè kọjá lábẹ́ rẹ̀. Bí a bá fi mítà 5.7 sílẹ̀ fún ọkọ̀, tí ara afárá fúnra rẹ̀ sì nípọn tó mítà 0.6, ibi tí ẹsẹ̀ yóò tẹ̀ ti ga tó mítà 6.3 sílẹ̀. Bí ìgbésẹ̀ àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 15, àtẹ̀gùn 42 ni ẹlẹ́sẹ̀ yóò gùn, yóò sì tún sọ 42 mìíràn kalẹ̀. Bí a bá fẹ́ ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ dípò àtẹ̀gùn, ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ gbà pé kẹ̀kẹ́ akàndá ẹ̀dá lè gùn ni mítà 1 sókè fún mítà 12 ní gígùn. Nípa bẹ́ẹ̀, òkè mítà 6.3 yóò gba mítà 76 ó dín díẹ̀; bí a bá fi àwọn ibi ìsinmi pẹrẹsẹ kún un, yóò tó mítà 88. Ẹni tí ó bá gun mítà 88, tí ó rin mítà 30 lókè, tí ó sì sọ mítà 88 kalẹ̀, ti rin mítà 206 kí ó tó dé ibi tí mítà 30 ì bá gbé e dé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 7.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àbùjá kan kò sí lọ́rùn ọ̀pẹ. Òpópónà kò rí bí ọ̀pẹ: àbùjá wà níbẹ̀, ó tẹ́jú, ó sì kúrú. Ní Èkó, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba a máa mú àwọn tí wọ́n bá sá kọjá lábẹ́ afárá, síbẹ̀ àwọn ènìyàn kò jáwọ́. Ẹni tí ó ń sá kọjá kò fẹ́ kú. Ó ti fi ewu tí kò dájú wé àárẹ̀ tí ó dájú ni, ó sì yan ewu. Ọgbọ́n tí ayàwòrán ní láti dá ni pé kí ó dín àárẹ̀ náà kù títí yóò fi jẹ́ pé orí afárá ni ẹsẹ̀ yóò máa yà sí fúnra rẹ̀.

4. Ẹni tí afárá wà fún

Àṣìṣe kan tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí á máa yàwòrán fún géńdé ọkùnrin tí kò mú nǹkan kan lọ́wọ́. Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ẹni tí ó yẹ kí á fi ṣe òṣùwọ̀n ni obìnrin tí ó ń ti ọjà bọ̀, tí ó gbé ẹrù lé orí òṣùká, tí ọmọ sì wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Bí afárá bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, yóò rọ gbogbo ènìyàn lọ́rùn.

Ohun mẹ́rin ni a lè kọ́ lára rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹni tí ó ru ẹrù kò lè tẹ orí ba láti wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó ń fi mọ ibi tí àtẹ̀gùn wà, nípa bí ìgbésẹ̀ ìṣáájú ti ga tó. Bí àtẹ̀gùn kan bá fi sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3 ga ju àwọn yòókù lọ, ibẹ̀ ni yóò ti kọsẹ̀. Nítorí náà, gbogbo ìgbésẹ̀ ní láti dọ́gba láti ìsàlẹ̀ dé òkè: sẹ̀ǹtímítà 15 ní gíga, sẹ̀ǹtímítà 30 ní fífẹ̀, jẹ́ ìwọ̀n tí ẹsẹ̀ gbà. Ó sì yẹ kí ibi ìsinmi pẹrẹsẹ wà lẹ́yìn bí àtẹ̀gùn 10 sí 14.

Lọ́nà kejì, ẹrù orí ń mú ènìyàn ga sí i. Ẹni tí ó ga ní mítà 1.7, tí ó sì gbé agbọ̀n tí ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 70, ti di mítà 2.4. Bí a ó bá bo afárá nítorí oòrùn àti òjò, òrùlé náà kò gbọ́dọ̀ kéré sí mítà 2.8 sí ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Lọ́nà kẹta, àwọn aláàárù méjì ní láti lè pàdé láìfi atẹ́ gbá ara wọn. Fífẹ̀ mítà 3 ni ó kéré jù. Lọ́nà kẹrin, àtẹ̀gùn tí a fi irin oníhò ṣe, tí ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ lè máa wo abẹ́ aṣọ ẹni tí ó wà lókè, yóò lé àwọn obìnrin sẹ́yìn. Kí á dí iwájú àti ilẹ̀ rẹ̀ pa.

A kò gbọ́dọ̀ gbàgbé akàndá ẹ̀dá. Òfin ìjọba àpapọ̀ tí Ààrẹ fi ọwọ́ sí ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2019 ka a léèwọ̀ láti fi ọwọ́ rọ́ wọn sẹ́yìn nínú ìlò ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Afárá tí ó ní àtẹ̀gùn nìkan ti ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn ròkè, irú èyí tí wọ́n fi sí Olúmọ nígbà tí wọ́n tún ibẹ̀ ṣe ní 2006, wúlò ní ibi ìgbafẹ́ tí ó ní olùṣọ́. Lójú títì, tí iná mànàmáná ń lọ tí ó ń bọ̀, kò bọ́gbọ́n mu kí òun nìkan jẹ́ ọ̀nà àbáyọ.

5. Ohun tí ilẹ̀ Abẹ́òkúta fi lé wa lọ́wọ́

Títí di ìhín, ó jọ pé ọ̀rọ̀ náà kò ní ojútùú: àtẹ̀gùn ga, ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sì gùn. Ṣùgbọ́n ìṣirò tí a ṣe lókè dá lórí pé ilẹ̀ tẹ́jú. Ilẹ̀ Abẹ́òkúta kò tẹ́jú. Orúkọ àdúgbò gan-an ń jẹ́rìí sí i: Òkè-Ìléwó, Òkè-Mósàn, Ìsàlẹ̀-Ìgbẹ̀ìn, Ìsàlẹ̀-Aké. Ìlú tí a tẹ̀ dó sáàrin àpáta ni, ibi tí ilẹ̀ sì ti kòtò ni ọ̀nà ń wá láti gbà kọjá, tàbí kí á gé ara òkè fún un. Nítorí náà, àwọn ibì kan wà ní ìlú yìí tí òpópónà ti ní bèbè bí odò. Ibẹ̀ ni a lè gbé dá ìtì ọ̀pẹ àtijọ́ padà: kí afárá ti orí bèbè kan lọ sí orí bèbè kejì, kí ẹlẹ́sẹ̀ má gun òkè, kí ọkọ̀ sì máa kọjá nínú kòtò.

Irú rẹ̀ kan wà ní Tehran, olú-ìlú Iran. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Tabiat, tí Leila Araghian yàwòrán rẹ̀, gùn tó mítà 270, ó sì kọjá lórí òpópónà márosẹ̀ Modarres. Ọgbà ìgbafẹ́ méjì tí ó wà lára òkè ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì òpópónà náà ni ó so pọ̀. Láti 2014 tí wọ́n ti ṣí i ni àwọn ará ìlú ti ń rọ́ lọ síbẹ̀, kì í ṣe láti kọjá nìkan ṣùgbọ́n láti jókòó, láti jẹun, àti láti wo ìlú. Ní 2016, ó gba ẹ̀bùn Aga Khan fún iṣẹ́ ilé kíkọ́. Òpó rẹ̀ yà bí ẹ̀ka igi, ó sì dára wò. Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú kí ẹsẹ̀ máa gbà á ni pé ilẹ̀ òkè ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ òkè ni ó sì parí sí.

Àtakò kan wà tí ó yẹ kí á dáhùn. Ẹnìkan lè sọ pé ibi tí bèbè wà kì í ṣe ibi tí àwọn ènìyàn ti ń kọjá. Òótọ́ ni, kò sì sí ẹni tí yóò rin mítà 300 lọ sí ibi afárá nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n kí ni ó ń pinnu ibi tí ènìyàn ti ń kọjá? Lójú òpópónà, ibi tí ọkọ̀ bá ti já èrò ni èrò ti ń kọjá, ibẹ̀ náà sì ni àwọn ọlọ́kadà àti àwọn alátẹ ń kóra jọ sí. Ibùdókọ̀ ṣeé gbé kúrò. Òkè kò ṣeé gbé. Bí a bá rí bèbè tí ó dára ní tòsí, kí á gbé ibùdókọ̀ wá bá a, kí á sì fi àtẹ fún àwọn oníṣòwò níbẹ̀. Àwọn ènìyàn yóò tẹ̀lé e.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni ó ga, ìdajì iṣẹ́ ti parí. Bí kò bá sì sí èyí tí ó ga, a ṣì lè rẹ òpópónà sílẹ̀. Ní Eindhoven, ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì, níbi tí wọ́n ti kọ́ afárá olóbìírípo kan fún àwọn oníkẹ̀kẹ́ ní 2012, tí wọ́n ń pè ní Hovenring, wọ́n wa oríta ọkọ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ sílẹ̀ ní mítà 1.5 kí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà má bàa le jù. Nínú ìṣirò tiwa, mítà 1.5 yóò sọ mítà 6.3 di 4.8, àtẹ̀gùn 42 yóò sì di 32. Àmọ́, ní Abẹ́òkúta, a ní láti kọ́kọ́ wádìí bí àpáta ti súnmọ́ òkè tó, nítorí pé fífọ́ àpáta láàrin ilé kì í ṣe ohun kékeré, kòtò tí a kò sì ṣe ojú àgbàrá fún yóò di adágún nígbà òjò. Àpáta kan náà yìí ní oore tirẹ̀: òpó tí a bá gbé lé e kì í rì.

6. Ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú

Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni ó rí bí Abẹ́òkúta. Òpópónà márosẹ̀ láti Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1978, tí ó sì gùn tó nǹkan bí kìlómítà 127, gba Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé kọjá, níbi tí Mowe àti Ibafo wà. Nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà yìí, oko ni ó pọ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ilé, ọjà àti àgọ́ ìsìn ńláńlá kún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì rẹ̀, tí ọ̀nà tí a là fún ọkọ̀ tí ń sáré wá pín ìlú kan náà sí méjì. Ilé wà ní apá kan, ilé ìwé wà ní apá kejì.

Níbi tí ó tẹ́jú báyìí, kò sí ẹ̀tàn: ẹlẹ́sẹ̀ yóò gun òkè. Iṣẹ́ ayàwòrán ni kí ó jẹ́ kí òkè náà wà lójú ọ̀nà tí ẹlẹ́sẹ̀ ń lọ tẹ́lẹ̀. Bí ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà bá bẹ̀rẹ̀ láti inú ọjà, tí ó sì ń gòkè bọ̀ wá sí etí òpópónà, mítà 88 náà kì í ṣe àlékún mọ́. Ara ìrìn tí ẹni náà ì bá rìn ni. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ orí rẹ̀ sẹ́yìn, tí ẹlẹ́sẹ̀ ní láti padà sí ibi tí ó ti ń bọ̀ kí ó tó gòkè, a ti sọ ọ́ di ìyà. Kí àtẹ̀gùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ẹni tí ara rẹ̀ yá.

7. Agbára afárá

Afárá ẹlẹ́sẹ̀ kò gbé tírélà, nítorí náà àwọn ènìyàn a máa rò pé ẹrù rẹ̀ fúyẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí èrò bá há gádígádí, ìwọ̀n tí àwọn ẹnjiníà ń lò tó kìlógíráàmù 500 lórí mítà onígun mẹ́rin kan. Afárá tí ó fẹ̀ ní mítà 3, tí ó sì gùn ní mítà 30, lè gbé tọ́ọ̀nù 45 lọ́jọ́ ọdún tàbí lọ́jọ́ ìsìn ńlá. Bí a bá sì mú kí òpó méjì jìnnà sí ara wọn ní ìlọ́po 2, agbára tí ń fẹ́ tẹ ara afárá kọ láàrin wọn di ìlọ́po 4. Òpó kan láàrin òpópónà lè dín èyí kù, bí a bá mọ odi kọnkéré yí i ká kí ọkọ̀ tí ó bá ya bàrá má bàa kọlù ú.

Ohun kejì ni mímì. Ènìyàn a máa gbé nǹkan bí ìṣísẹ̀ 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí afárá bá jẹ́ irú èyí tí ń mì ní ìwọ̀n kan náà, ẹsẹ̀ àti afárá yóò máa ran ara wọn lọ́wọ́. Afárá Millennium ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó kọjá lórí odò Thames, ni àpẹẹrẹ tí ó lókìkí jù. Ọjọ́ 10 oṣù Òkúdù 2000 ni wọ́n ṣí i. Ó ń mì sọ́tùn-ún sósì, àwọn èrò sì ń fi ẹsẹ̀ bá mímì náà lọ láìmọ̀, ìyẹn sì ń mú un pọ̀ sí i. Láàrin ọjọ́ méjì wọ́n tì í pa. Ó di 2002, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi àwọn ẹ̀rọ tí ń pa mímì sí i lábẹ́, kí wọ́n tó tún un ṣí.

Ẹ̀kọ́ tí ó burú jù wá láti Miami, ní Amẹ́ríkà. Florida International University ń kọ́ afárá ẹlẹ́sẹ̀ kan sórí òpópónà ọlọ́kọ̀, wọ́n sì fẹ́ kí ó jẹ́ àfijúwe: òpó gíga kan yóò dúró lórí rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀pá tí ó nà bí okùn, bí ẹni pé àwọn ni ó fà á ró, bẹ́ẹ̀ ẹwà ni wọ́n wà fún jù lọ. Ní ọjọ́ 15 oṣù Ẹrẹ́nà 2018, kí iṣẹ́ náà tó parí, ó wó lu ọkọ̀ tí ó dúró lábẹ́ rẹ̀, ènìyàn 6 sì kú. Àjọ ìjọba tí ó wádìí ọ̀rọ̀ náà rí i pé àṣìṣe wà nínú ìṣirò ìsopọ̀ kan, pé àwọn tí ó yẹ kí ó tún ìṣirò náà yẹ̀ wò kò rí i, àti pé sísán ti hàn lára kọnkéré náà, síbẹ̀ wọn kò ti òpópónà. Afárá tí a fẹ́ fi gba ẹlẹ́sẹ̀ là pa àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀.

Níkẹyìn, iná. Ní ọjọ́ 28 oṣù Òkúdù 2018, ọkọ̀ agbépo kan gbiná ní afárá Ọ̀tẹ́dọlá ní òpin òpópónà márosẹ̀ yìí ní ìhà Èkó, ó pa ènìyàn, ó sì jó ọkọ̀ tí ó ju 50 lọ. Irin tí ooru rẹ̀ bá tó nǹkan bí ìwọ̀n 600 lórí òṣùwọ̀n Celsius ti pàdánù nǹkan bí ìdajì agbára rẹ̀. Lórí ọ̀nà tí ọkọ̀ agbépo ń gbà lọ́sàn-án lóru, kọnkéré tí ó bo irin mọ́lẹ̀ dáadáa fi ọkàn balẹ̀ ju irin tí ó wà ní gbangba lọ. Kò sì tún ń béèrè ọ̀dà lọ́dọọdún kí ìpẹtà má bàa jẹ ẹ́.

8. Ẹwà

Níbo ni ẹwà wá wà nínú gbogbo èyí? Ó wà nínú àwọn nǹkan tí afárá kò lè ṣe aláìní. Afárá gbọ́dọ̀ ní ògiri ẹ̀gbẹ́ kí ọmọdé má bàa jábọ́. Ògiri tí a dí pa yóò fi ibi ìsápamọ́ sí fún olè. Èyí tí ó ní ihò yóò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, yóò sì jẹ́ kí ará ìsàlẹ̀ rí ẹni tí ó wà lókè. Àwọn ihò wọ̀nyí ni a lè gé ní bátànì àdìrẹ tí àwọn aláró Ìtòkú mọ̀ ní orúkọ, kí oòrùn máa ya bátànì náà sórí ilẹ̀ afárá. Òrùlé gbọ́dọ̀ wà. Ìrísí rẹ̀ ni awakọ̀ yóò kọ́kọ́ rí láti òkèèrè. Iná gbọ́dọ̀ wà lálẹ́. Agbára oòrùn lè tàn án. Ibi tí afárá gúnlẹ̀ sí gbọ́dọ̀ fẹ̀, kí oníṣòwò lè rí ibi pàtẹ láìdí ọ̀nà, nítorí pé ibi tí èrò bá wà ni ọjà ń lọ, lílé wọn kì í pẹ́ kí wọ́n tó padà. Bí oníṣòwò bá wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, olè kò ní fẹ́ dé ibẹ̀.

Kò sí èyí tí a lè yọ kúrò nínú wọn kí afárá má pàdánù ohun kan tí ó wúlò. Irú ẹwà bẹ́ẹ̀ ni a lè fi ẹ̀rí ọkàn ná owó ìlú lé lórí.

9. Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìlò ni í sọ afárá di àfijúwe, pé òkè ni ó ń lé ẹlẹ́sẹ̀ sẹ́yìn, àti pé ilẹ̀ Ẹ̀gbá fúnra rẹ̀ lè gba wa lọ́wọ́ òkè náà ní ibi púpọ̀ bí a bá mọ ibi tí a ó gbé afárá sí. Láti inú èyí, a lè dá àbá ìlànà díẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó fa ilà kan sórí bébà, kí á ka àwọn tí ń kọjá ní ibi kọ̀ọ̀kan, láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, kí á sì kọ ohun tí wọ́n rù sílẹ̀. Kí àwọn awọnlẹ̀ rin ẹ̀gbẹ́ méjèèjì òpópónà láti wá ibi tí bèbè wà. Kí á pe ìyálọ́jà àti àwọn awakọ̀ jókòó lórí ọ̀rọ̀ ibùdókọ̀. Kí a fún ẹnjiníà mìíràn, tí kò sí nínú iṣẹ́ náà, ní ìṣirò náà yẹ̀ wò. Kí a sì fi owó àtúnṣe sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣí i, ọ̀nà kan wà tí a ó fi mọ̀ bóyá ó yege. Kí á dúró lábẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ ọjà, kí á ka iye àwọn tí ó gba òkè àti iye àwọn tí ó sá gba ìsàlẹ̀. Bí obìnrin tí ó ru ẹrù, tí ó pọn ọmọ, bá gba òkè láìsí ẹni tí ó fi pàṣán lé e, afárá náà ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí a ó máa gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn tí ń júwe ọ̀nà.